Ṣé ọmọlẹ́yìn Krishna lè lọ sí Bodh Gaya?

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ Ìbàdàn ni mí, ó sì ti pẹ́ tí mo ti wà nínú ẹgbẹ́ Hare Krishna. Gúrù wa ti fún mi lórúkọ. Ní oṣù kẹta ọdún tó ń bọ̀, ẹgbẹ́ wa ń lọ sí Mayapur ní ilẹ̀ Íńdíà. Bàbá mi dolóògbé ní èṣín, mo sì fẹ́ dé Gaya láti ṣe ètùtù fún wọn, kí n wá yà sí Bodh Gaya níbi tí ojú Buddha ti là. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà wa ní kí n má débẹ̀, pé ẹ̀kọ́ Buddha kò gba Ọlọ́run gbọ́. Àgbà mìíràn ní kò sóhun tó burú níbẹ̀, pé Vishnu, ìyẹn Krishna wa náà, ni Buddha, kí n ṣe bí ẹni tó wà nílé ara rẹ̀. Èwo ni kí n gbọ́? Ṣé wọn ò ní lé mi padà lẹ́nu ọ̀nà? Mi ò fẹ́ ṣẹ Krishna, mi ò sì fẹ́ rí ẹlẹ́sìn ẹlẹ́sìn fín."

Àbúrò mi, mo kí ọ kú àṣẹ̀yìndè bàbá. Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Bí mo ṣe ka ọ̀rọ̀ rẹ, o ń bẹ̀rù kí o má ṣẹ Ọlọ́run rẹ, o ń bẹ̀rù kí o má ṣẹ onílé, o sì ń bẹ̀rù àwọn tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Ìdáhùn mi ni pé kí o lọ. Ṣùgbọ́n bí àlejò ni kí o ṣe lọ, má lọ bí onílé. Mo ti gbé ilẹ̀ Íńdíà pẹ́, iṣẹ́ mi sì ni láti máa mú àwọn arìnrìn-àjò kiri àwọn ibi mímọ́ tó wà ní ìpínlẹ̀ Bihar, títí kan àwọn ọmọ wa tó ń wá láti Èkó àti Lọ́ńdọ̀nù. Èmi kì í ṣe Híńdù, n kì í sì í ṣe ọmọlẹ́yìn Buddha, nítorí náà ìdájọ́ tó jẹ́ ti gúrù rẹ, n kò ní gbà á ṣe. Èyí tó kàn mí ni kí n sọ bí ibẹ̀ ṣe rí, àti ibi tí wàhálà wà gan-an, nítorí kò sí níbi tí o rò pé ó wà.

Jẹ́ ká kọ́kọ́ ya ìlú méjèèjì sọ́tọ̀, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń pa wọ́n pọ̀. Ìlú àwọn òkú ọ̀run ni Gaya lójú àwọn Híńdù. Ibẹ̀ ni tẹ́ńpìlì Vishnupad wà létí odò Falgu, níbi tí wọ́n ní ẹsẹ̀ Vishnu ti tẹ òkúta, tó sì fi àmì sílẹ̀. Ahilyabai Holkar, ọbabìnrin Indore, ló kọ́ èyí tó wà níbẹ̀ báyìí ní ìparí ọ̀rúndún 18. Láti ọdún 2025 ni ìjọba Bihar ti sọ orúkọ ìlú náà di Gaya Ji láti fi bọlá fún un, nítorí náà má ṣe jẹ́ kó yà ọ́ lẹ́nu bí o bá rí i bẹ́ẹ̀ lára pátákó. Bodh Gaya ní tirẹ̀ wà ní gúúsù, kò ju bí kìlómítà 12 sí 15 lọ, kẹ̀kẹ́ máruwá ń gbéni lọ níbẹ̀ ní wákàtí tí kò pé kan. Ibẹ̀ ni tẹ́ńpìlì Mahabodhi àti igi tí Siddhartha Gautama jókòó sábẹ́ rẹ̀ tó fi di Buddha wà. Odò tó ṣàn kọjá níbẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Niranjana nínú ìtàn Buddha, wà lára àwọn tó pàdé tó di Falgu. Ẹ̀sìn méjì ló ń bu omi odò kan náà mu, ó sì ti pẹ́ gan-an tí wọ́n ti ń pàdé létí rẹ̀.

Àgbà yín àkọ́kọ́ kò purọ́. Buddha kò kọ́ni pé ẹlẹ́dàá kan wà tí à ń sìn, kò sì kọ́ni pé ẹ̀mí kan wà nínú èèyàn tí kì í yí padà títí láé. Ìwọ tí o ń ka ọ̀rọ̀ tí Krishna bá jagunjagun Arjuna sọ nínú ìwé Gita, pé ohun ìjà kò lè gé ẹ̀mí, pé iná kò lè jó o, o mọ̀ pé ọ̀rọ̀ méjèèjì kò lè gbé inú ilé kan. Ìyàtọ̀ gidi ni, n kò sì ní tìtorí kí o lè lọ sí ìrìn-àjò kí n sọ fún ọ pé ohun kan náà ni ẹ̀sìn gbogbo. Ṣùgbọ́n láti ibẹ̀ dé "má débẹ̀", ọ̀nà jìn. Bhagavata Purana tí ẹ̀ ń kà láràárọ̀ ni ẹ̀rí mi. Ó dárúkọ Buddha láàárín àwọn ìrísí tí Vishnu gbé wọ̀ wá sáyé, ó ní Kikata ni yóò ti farahàn, ilẹ̀ Bihar yìí náà sì ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni pé ìwé náà fi kún un pé yóò wá láti ṣi àwọn ọ̀tá olùfọkànsìn lọ́nà, ibẹ̀ sì ni àgbà yín ti mú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n Jayadeva, akéwì ọ̀rúndún 12 tí ẹ̀yin náà ń kọ orin rẹ̀, kò rí ìtànjẹ nínú rẹ̀ rárá. Àánú ló rí. Ó yin Buddha pé ọkàn rẹ̀ kò gbà á kí wọ́n máa dúḿbú ẹran nítorí ìrúbọ. Ohùn méjèèjì wà nínú ìdílé ẹ̀sìn tìrẹ, àwọn baba ẹ̀sìn yín kò sì rí ìdí láti pa ọ̀kan mọ́ ọ̀kan lẹ́nu.

Wo ẹsẹ̀ àwọn tó ti lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 16, Chaitanya fúnra rẹ̀, ẹni tí ẹ̀sìn Krishna tiyín ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá, kúrò ní ìlú rẹ̀ Navadvip lọ́dọ̀ọ́, ó wá sí Gaya láti ṣe ètùtù fún bàbá rẹ̀ tó kú. Gaya yìí ni ó ti pàdé Ishvara Puri tó di gúrù rẹ̀, tó gba mántírà lẹ́nu rẹ̀, tó sì padà sílé bí ẹlòmíràn. Ohun tí o fẹ́ lọ ṣe fún bàbá rẹ, lójú ọ̀nà rẹ̀ ni ẹgbẹ́ yín ti ṣẹ̀ wá. Ní ti Bodh Gaya gan-an, ìwé àtijọ́ tó ka gbogbo ibi tí ẹlẹ́tùtù gbọ́dọ̀ dé ní àgbègbè Gaya ka igi Bodhi mọ́ ọn. Ó ní kí Híńdù tẹríba fún un. Ní ọdún 1886, Vivekananda, olùkọ́ Híńdù tó lókìkí, àti àwọn ọmọlẹ́yìn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì rìnrìn-àjò lọ síbẹ̀ láti jókòó ṣàṣàrò lábẹ́ igi náà, nígbà tí Ramakrishna ọ̀gá wọn ṣì wà láyé. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ìlà gúrù tìrẹ nìyẹn, ṣùgbọ́n Híńdù pọ́ńbélé ni. Ojoojúmọ́ ni mò ń rí wọn níbẹ̀: àwọn ìyá àgbà láti Odisha tí wọ́n di etí sárí mú, àwọn àgbẹ̀ láti Rajasthan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá orí ní Gaya. Kò sẹ́ni tó ń bi wọ́n pé ẹ̀sìn wo ni wọ́n ń ṣe.

Ọ̀rọ̀ àgbà kejì ló ń kọ mí lóminú. Ó dùn létí, inú rere ló sì fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n òun ló lè sọ ọ́ di aláìmọ̀wàáhù. Ní etí Híńdù, "Vishnu náà ni Buddha" jẹ́ ìyìn. Ní etí ọ̀pọ̀ ọmọlẹ́yìn Buddha ní Íńdíà, ohun tí wọ́n ń gbọ́ ni pé àwọn ẹlòmíràn ti gba olúwa wọn mọ́ tiwọn, wọ́n sì fi í sí ipò kẹsàn-án nínú ìlà ẹlẹ́ni mẹ́wàá. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá 1956, B. R. Ambedkar, tó jẹ́ alága kọ̀mítì tó kọ òfin ilẹ̀ Íńdíà, kúrò nínú ẹ̀sìn Híńdù ní ìlú Nagpur pẹ̀lú ọ̀kẹ́ àìmọye àwọn tí ètò ìran àti ipò ti tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ̀jẹ́ 22 ni ó mú wọn jẹ́. Ọ̀kan nínú wọn sọ kedere pé òun kò gbàgbọ́, òun kò sì ní gbàgbọ́ láé, pé Buddha jẹ́ ìrísí Vishnu. Àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ àwọn tó jẹ́ ẹ̀jẹ́ yẹn ni wàá bá lábẹ́ igi. Bí o bá rẹ́rìn-ín sí wọn tí o ní "ọ̀kan náà ni wá", o ti tẹ egbò.

Ìtàn ilé náà tún dá kún un. Ọba Ashoka ló kọ́kọ́ kọ́ ibi ìsìn síbẹ̀ ní ọ̀rúndún kẹta ṣáájú ìbí Jésù. Ilé bíríkì tó wà níbẹ̀ báyìí, tó ga tó nǹkan bí mítà 50, ọ̀rúndún karùn-ún sí ìkẹfà lẹ́yìn ìbí Jésù ni wọ́n ti kọ́ ọ, ó sì wà lára ilé bíríkì tó tíì pẹ́ jù tó ṣì dúró ní Íńdíà. Lẹ́yìn ọ̀rúndún 13, ẹ̀sìn Buddha rọ lágbègbè náà, àwọn mọ́ǹkì, ìyẹn àwọn tó fi ayé wọn jin ìsìn Buddha, tú ká, igbó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ilé. Ní ìparí ọ̀rúndún 16, àwọn olùfọkànsìn Shiva, òrìṣà ńlá mìíràn ti àwọn Híńdù, wá tẹ̀dó sí ìtòsí, olórí wọn tí wọ́n ń pè ní Mahant sì di onílẹ̀. Kì í ṣe pé wọ́n fi ogun gbà á. Òfìfo ni wọ́n bá a, a kò gbọdọ̀ fi ìyẹn pa mọ́. Nígbà tó di ọdún 1891, Anagarika Dharmapala, ọmọ Sri Lanka, dé ibẹ̀, ó rí bí ibi tó mọ́ jù lọ nínú ẹ̀sìn òun ṣe wà lọ́wọ́ ẹlẹ́sìn mìíràn, ó sì fi gbogbo ìyókù ayé rẹ̀ jà fún un. Ó dá ẹgbẹ́ Maha Bodhi sílẹ̀ lọ́dún yẹn. Ní 1895, ó gbé ère Buddha kan tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti Japan wọ inú tẹ́ńpìlì, àwọn èèyàn Mahant gbé e jáde, ọ̀rọ̀ di ti kọ́ọ̀tù, ẹjọ́ náà kò sì bọ́ sí ọ̀nà tí Dharmapala fẹ́. Ó kú ní 1933 láìrí i.

Òfin tó parí ìjà yẹn, tàbí tí wọ́n rò pé ó parí rẹ̀, jáde ní 1949. Ó gbé ilé náà fún kọ̀mítì ẹlẹ́ni mẹ́sàn-án: ọmọlẹ́yìn Buddha mẹ́rin, Híńdù mẹ́rin, ọ̀gá ìjọba agbègbè Gaya sì ni alága. Títí di 2013, bí ọ̀gá yẹn kì í bá ṣe Híńdù, Híńdù mìíràn ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi sípò alága. Nítorí pé Híńdù ṣì wà nínú kọ̀mítì náà ni àwọn mọ́ǹkì ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í febi panú ní Bodh Gaya ní oṣù kejì ọdún 2025, pé kí ìjọba fagi lé òfin náà, kí wọ́n fi ilé lé onílé lọ́wọ́. Ohun tó tún ń dùn wọ́n ni pé ilé kékeré kan wà nínú ọgbà, lẹ́bàá tẹ́ńpìlì ńlá, tí wọ́n ti wọ aṣọ fún àwọn ère Buddha àtijọ́, tí àlùfáà ń sọ fún àwọn Híńdù pé àwọn Pandava márùn-ún, akọni inú ìtàn Híńdù, nìyí, kí wọ́n fi owó sílẹ̀. Èmi fúnra mi kì í mú àlejò mi wọ ibẹ̀, ìwọ náà, fò ó dá. Àwọn Híńdù ní ọ̀rọ̀ tiwọn náà, o: wọ́n ní àwọn ló tọ́jú ibẹ̀ nígbà tí kò sẹ́nì kankan, pé ibi ètùtù tiwọn náà ni láti ayébáyé. N kò pè ọ́ kí o wá gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n o mọ bó ṣe máa ń rí nílé wa, bí ìdílé méjì bá ń du ilẹ̀, tí ẹnì kan tó bá ọ̀kan nínú wọn tan wá yà sórí ilẹ̀ ọ̀hún láti wòran. Bó bá rìn jẹ́jẹ́, tó kí èèyàn, kò sẹ́ni tó máa bá a wí. Bó bá fi ọkọ́ kan ilẹ̀ pẹ́nrẹ́n, ẹ̀rí ti wà fún kọ́ọ̀tù. Bẹ́ẹ̀ ni ìwà Híńdù ṣe rí ní Bodh Gaya lásìkò yìí.

Kí wá ni wàá ṣe bí o bá débẹ̀? Lọ ní ìdájí. Aago márùn-ún àárọ̀ ni wọ́n ń ṣílẹ̀kùn, kò sí owó ìwọlé. Ọjọ́ keje oṣù keje 2013 ni bọ́ǹbù dún nínú ọgbà náà, láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń yẹ ara àti ẹrù wò gidi gan-an. Fóònù kò wọlé rárá. Ibi ìkẹ́rùsí wà níta tí wàá fi í sí, ìyẹn sì ṣàǹfààní fún ọkàn ẹni tó bá wá gbàdúrà. Bọ́ bàtà, mú ìbọ̀sẹ̀ dání, òkúta ibẹ̀ máa ń tutù láàárọ̀, ó sì máa ń jó ẹsẹ̀ lọ́sàn-án. Máa yí tẹ́ńpìlì ká kí ọwọ́ ọ̀tún rẹ máa wà ní ìhà rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe ń yí tiyín ká. Ní ti èyí, kò sí àṣà tuntun tí o máa kọ́. Wàá rí àwọn ará Tibet tí wọ́n ń dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ lórí pákó, wọ́n ń dìde, wọ́n tún ń dọ̀bálẹ̀, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìgbà. Ìdọ̀bálẹ̀ gbọọrọ tí ìwọ náà ń ṣe níwájú Krishna kò jìnnà sí i. Nínú iyàrá ìsàlẹ̀, Buddha oníwúrà jókòó, ó na ìka ọwọ́ ọ̀tún kan ilẹ̀, ó ń fi ilẹ̀ ṣe ẹlẹ́rìí pé ojú òun ti là. Òdòdó tàbí èso ni kí o mú wá bí o bá fẹ́ mú nǹkan wá. Má ṣe fọ́ àgbọn, má ṣe fi àtíkè pupa kan ère kankan, má sì da mílíìkì tàbí omi sí ìdí igi. Mo mọ̀ pé àwọn Híńdù máa ń bomi sí ìdí igi pípàlì, irú igi yìí gan-an, nílé, ṣùgbọ́n ọgbà ti yí èyí ká, àwọn onímọ̀ nípa igi ló sì ń tọ́jú rẹ̀.

Igi yẹn yẹ kí n dúró tì díẹ̀. Kì í ṣe èyí tí Buddha jókòó sábẹ́ rẹ̀ gan-an, àtọmọdọ́mọ rẹ̀ ni. Èyí tó ṣáájú rẹ̀ wó ní 1876, Alexander Cunningham, ará Bìrìtìkó tó ń tún ilé náà ṣe, sì gbin èyí tó wà báyìí láti ara ọmọ rẹ̀. Ìbátan ni pípàlì jẹ́ sí igi ọdán tiwa. Inú ẹbí kan náà ni àwọn onímọ̀ ewéko kà wọ́n sí. Ìwọ pàápàá ní ohun tó so ọ́ mọ́ ọn tí kò gba ọ̀dọ̀ Buddha kọjá: nínú orí kẹwàá Gita, Krishna ní nínú gbogbo igi, pípàlì ni òun. Bí àgbà yín bá tún dá ọ lẹ́kun, orí yìí ni kí o ṣí fún un. Jókòó síbẹ̀ kí o máa ka ìlẹ̀kẹ̀ rẹ wọ́ọ́rọ́. Ìlẹ̀kẹ̀ 108 ni àwọn tó jókòó tì ọ́ náà mú dání, kò sẹ́ni tó ń gbọ́ orúkọ tí ò ń pè lábẹ́ èémí. Àmì amọ̀ iwájú orí rẹ kò ní bí ẹnikẹ́ni nínú. Ṣùgbọ́n ìlù mridanga àti agogo ọwọ́, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ ní ilé ìtura. Kíkọrin Krishna pẹ̀lú ìjó nínú ọgbà yẹn, ọkọ́ tó kan ilẹ̀ nìyẹn. Ewé tó bá já bọ́, o lè ṣà á, gbogbo èèyàn ló ń ṣà á. Má já èyí tó wà lórí igi. Bóyá kí o foríbalẹ̀ fún ère tàbí kí o kàn pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀ lásán, gúrù rẹ ni kí o bi. Àwọn onílé kò bèèrè ju ìdákẹ́jẹ́ lọ lọ́wọ́ rẹ.

Ní báyìí, ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀nà. Ní Bodh Gaya, kò sẹ́ni tó máa bi ọ́ ní ẹ̀sìn tàbí ìran. Ará Vietnam, ará Amẹ́ríkà, ará Ìbàdàn, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Tẹ́ńpìlì ẹ̀sìn tìrẹ ní Gaya ni wọ́n ti lè dá ọ dúró. Àkọlé wà ní Vishnupad pé ẹni tí kì í bá ṣe Híńdù kò gbọdọ̀ wọlé, ẹ̀ṣọ́ tó bá sì rí awọ dúdú wa kì í sábà rò pé Híńdù lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní Puri ní ìpínlẹ̀ Odisha, ní tẹ́ńpìlì Jagannath, wọn kì í gba àjèjì wọlé rárá bó ti wù kí ìgbàgbọ́ rẹ̀ jinlẹ̀ tó. Ti Gaya kò le tó ìyẹn, ó sinmi lórí ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ó máa ń dun àwọn ọmọ wa, mo sì ti jókòó ti ẹni tó sunkún nítorí rẹ̀. Nítorí náà múra sílẹ̀. Gba lẹ́tà lọ́wọ́ tẹ́ńpìlì yín n'Íbàdàn tàbí l'Ékòó, kí orúkọ tí gúrù fún ọ wà nínú rẹ̀. Nígbà tí o bá dé Mayapur, jẹ́ kí wọ́n fi èdè Híńdì kọ òmíràn, kí wọ́n sì bá ọ pe àlùfáà kan ní Gaya ṣáájú. Ẹni tí àlùfáà mú lọ́wọ́ wọlé kì í jọ ẹni tó dá wá. Bí wọ́n bá sì kọ̀, má bá wọn jà. Etí odò Falgu ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ náà ti ń wáyé, kò sì sí ẹ̀ṣọ́ níbẹ̀. Àwọn ará Rọ́ṣíà àti Jámánì ti wá ṣe ètùtù fún àwọn òbí wọn níbẹ̀.

Ètùtù yẹn kò le. Ìyẹ̀fun bálì tàbí ìrẹsì ni wọ́n ń pò mọ́ èso sẹ́sámì dúdú, wọ́n ń ṣù ú roboto, wọ́n ń pe orúkọ òkú, wọ́n ń fi omi tì í. Kò ní kí o dúró de oṣù kẹsàn-án tí ogunlọ́gọ̀ ń rọ́ wá fún ọ̀sẹ̀ méjì àwọn baba ńlá. Ti Gaya kò mọ àkókò. Odò náà máa ń gbẹ lọ́pọ̀ ìgbà nínú ọdún, ìtàn ní Sita ló gégùn-ún fún un pé kó máa ṣàn lábẹ́ yanrìn, ṣùgbọ́n láti 2022 ni ìjọba ti fi rọ́bà dí i nítòsí Vishnupad kí omi lè máa wà. Àwọn àlùfáà ibẹ̀, àwọn Gayawal, máa ń tọ́jú ìwé orúkọ ìdílé láti ìran dé ìran. Ìdílé tìrẹ kò sí nínú rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí tìrẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Wọn á bi ọ́ ní gotra, ìyẹn ìlà àwọn baba ńlá. Kashyapa ni ẹni tí kò mọ tirẹ̀ máa ń dárúkọ. Dájọ́ owó pẹ̀lú wọn kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, torí bí o bá ti jókòó, ojú yóò máa tì ọ́ láti ná an.

Mo gbọ́dọ̀ sọ òdìkejì rẹ̀ pẹ̀lú. Bhagavata kan náà ní ẹni tó bá ti fi gbogbo ara rẹ̀ fún Olúwa kò jẹ àwọn baba ńlá rẹ̀ ní gbèsè mọ́. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ yín á sọ fún ọ pé oúnjẹ tí o ti gbé síwájú Krishna, tí o wá fi rántí bàbá, ti tó. Wọn kò ṣìnà. O kò sọ ẹ̀sìn tí bàbá ń ṣe nígbà ayé wọn. Bó bá jẹ́ Mùsùlùmí tàbí Kìrìsìtẹ́nì ni wọ́n, bá ìyá rẹ àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ sọ ọ́ kí o tó lọ. Òótọ́ ni pé ìfẹ́ lo fi fẹ́ ṣe é, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbọ́ ọ lẹ́yìn tí o ti dé, ó lè dá ìjà sílẹ̀ lórí òkú tí gbogbo yín jọ ń ṣọ̀fọ̀.

Nípa ìrìn náà, mo dá a lábàá kí o ṣe ti Gaya tán ní ọjọ́ kan, kí o wẹ̀, kí o wá sùn ní Bodh Gaya, kí o lè wọ tẹ́ńpìlì ní ìdájí ọjọ́ kejì pẹ̀lú ọkàn tí kò rù ẹrù kan. Má ṣe ètùtù nínú ọgbà Mahabodhi. Àwọn Híńdù kan ṣì ń ṣe é, ṣùgbọ́n ní àsìkò yìí, n kò lè gbà ọ́ nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Reluwé láti Kolkata dé Gaya ń rìn lóru, wàá jí sínú ìlú. Oṣù kẹta ṣì dára, oòrùn kò tíì gbóná tó ti oṣù karùn-ún tó ń sun èèyàn. Oúnjẹ ni kí o ṣọ́: ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ọmọlẹ́yìn Buddha kì í jẹ ẹran, ṣùgbọ́n ilé oúnjẹ àwọn ará Tibet ń ta ẹran gan-an. Sọ fún wọn pé "bina pyaz lahsun", láìsí àlùbọ́sà àti gáálíìkì, á yé wọn. Tilkut, adùn sẹ́sámì tí Gaya lókìkí fún, kò ní èèwọ̀ kankan nínú fún ọ, o lè rà á wá fún àwọn ará ilé. Bí ọmọdé bá sọ pé kí o wá fún ilé ìwé òun lówó, dúpẹ́ kí o kọjá. Púpọ̀ nínú àwọn ilé ìwé bẹ́ẹ̀ kò sí. Má gbàgbé káàdì àjẹsára ibà pọ́njú, torí wọ́n lè há ẹni tó bá ti Nàìjíríà wá láìní in mọ́ ibi àyẹ̀wò fún ọjọ́ mélòó kan.

Ohun kan ṣì kù tó yẹ kí o ṣe kí o tó kúrò nílé. Àlùfáà yóò bi ọ́ ní orúkọ bàbá, ti bàbá bàbá, àti ti bàbá tó bí bàbá bàbá rẹ, yóò tún bi ọ́ ní ti ìhà ìyá. Mo ti rí àwọn ọmọ Íńdíà fúnra wọn tí wọ́n dúró síbẹ̀, tí wọ́n ń fi fóònù pe ilé nítorí orúkọ kan ṣoṣo. Lọ bá àgbà tó ṣẹ́ kù ní agboolé yín, kọ wọ́n sílẹ̀ pẹ̀lú oríkì wọn, kí o sì kọ́ àlùfáà bí a ṣe ń pe àwọn orúkọ náà kó tó bẹ̀rẹ̀.